Omi Àgbọn Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ awọ àyà ọkọ mi, lápá òsì, nísàlẹ̀ egungun ọrùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Tó bá bọ́ ẹ̀wù, ẹ ó rí i bó ṣe yọ síta díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ọkàn. Tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sódì, á ta iná sí i, kó lè padà sójú ọ̀nà.

Dókítà tó fi í síbẹ̀ kò tàn wá. Ó ní, "Màmá, ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni Bàbá. Ẹ̀rọ yìí kì í fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ fún irú wọn bó ṣe ń ṣe fún ẹlòmíì, kòkòrò sì tètè máa ń wọ ojú ọgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn yìí ti dákẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan." Ó wá fún mi lófin: tí iná ẹ̀rọ náà bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, kí n pe àwọn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, kí n má pe ẹnikẹ́ni, kí n gbé e wá. N kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kà sí mi lórí ìka kì í jábọ́.

Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀. Wọ́n so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ níbẹ̀. Téèyàn bá gbọ́wọ́ lé e, ó ń kùn bí ológbò tó ń sùn. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́wọ́ lé e kí n tó kí i. Ní Túsìdé, Tọ́sìdé àti Sátidé, a ó jáde ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú GRA Àpápá, á sì jókòó sídìí ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin. Ọkùnrin tó wa kéréènì ní wọ́ọ̀fù títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó ń gbé kọ̀ǹténà fò kọjá lórí àwọn èèyàn, ló wá di ẹni tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dè mọ́ àga.

Láti Sátidé dé Túsìdé ló jìnnà jù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí n máa bẹ̀rù Mọ́ńdè, nítorí ìdọ̀tí ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, pàápàá iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potásíọ̀mù. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Inú èso àti ewébẹ̀ ló ń gbé, tó bá sì pọ̀ jù, ọkàn á ṣìnà. Ó ka èèwọ̀ fún mi: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátò. Mo sọ ọ́ di iṣẹ́. Mo ń gé iṣu wẹ́wẹ́, mo ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo ń da omi yẹn nù kí n tó sè é, mo tún ń da omi tí mo fi sè é nù.

Ọkọ mi ní, "Ṣé iṣu lò ń sè ni àbí aṣọ lò ń fọ̀?"

Ìjọ wa gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó parí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àṣà wa ni pé ilé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá la ti ń ṣínu, lẹ́yìn náà la ó gbọ́wọ́ lé e, a ó gbàdúrà. Èso àti omi àgbọn la fi ń ṣínu, nítorí àgbọn ni omi tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn. Ọkọ mi kò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ bá wọn ṣínu. Mo gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jìnnà sí i. Ó ku omi àgbọn. Nọ́ọ̀sì kò dárúkọ àgbọn. Mo rò pé omi ni, omi tí mò ń wọ̀n fún un lójoojúmọ́ nítorí pé kò gbọ́dọ̀ mu púpọ̀, kò sì tíì mu nǹkan kan láti àárọ̀. Mo bu ife kan. Òun ló tọrọ ti àkọ́kọ́. Ìkejì, èmi ni mo bù ú láìbéèrè, nítorí inú mi dùn pé ó rí nǹkan mu tí kò ráhùn.

Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo. Mo ní ó ti jókòó pẹ́ jù ni. Wọ́n ti yí i ká, ọwọ́ pásítọ̀ wà ní èjìká rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Lójijì ara rẹ̀ fò lórí àga bí ẹni tí ẹṣin ta nípàá. Ọwọ́ pásítọ̀ gbọ̀n kúrò.

Pásítọ̀ ní, "Agbára ti sọ̀kalẹ̀." Gbogbo ilé dáhùn ní halelúyà.

Mo ka ọ̀kan. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ dúró. Ẹ̀rọ ni."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Olúwa parí iṣẹ́ rẹ̀."

Wọ́n tún dì í mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni mò ń rí, n kò rí ojú ọkọ mi. Mo gbọ́ tó ní, "Ó gbá mi," ní ohùn kékeré. Ó tún gbá a. Àga náà dún.

Mo na ọwọ́ láàárín wọn, mo di ọrùn ọwọ́ pásítọ̀ mú. "Ó di méjì. Olúwa á parí rẹ̀ ní Àpápá. Ẹ bá mi gbé wọn, ẹ má sì fọwọ́ kan apá ọ̀tún wọn."

Ìyá ìjọ kan ní ìgbàgbọ́ màmá ti ń mì. Káàdì ilé ìwòsàn ni mò ń wá. Pásítọ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé wọn."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá aládùúgbò wa la wọ̀, ọkọ mi láàárín èmi àti pásítọ̀. A kò tíì jáde ní Ajégúnlẹ̀ tí ó fi gbá a lẹ́ẹ̀kẹta.

"Màmá, iná náà dé ọwọ́ mi," ni pásítọ̀ wí.

"Mo mọ̀. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sùn."

Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. "Má gba Wharf Road. Tírélà ti dí i nísinsìnyí. Gba Warehouse Road."

"Baba sabi road pass me," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, ó sì yà.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe rí wa, ó ti bẹ́ẹ̀dì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni Bàbá jẹ?"

Pásítọ̀ wò mí. Mo ní, "Omi àgbọn, ife méjì. Èmi ni mo bù ú."

Kò bá mi wí. Ó ní, "Màmá, ife kan rẹ̀ burú ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ." Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, pásítọ̀ jókòó tì mí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde wá sọ pé ọkàn ti balẹ̀, pásítọ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti fẹ́ kí Bàbá wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday."

Mo ní, "Kí wọ́n jẹ́rìí. Kí àgbọn ṣáà wà nínú ẹ̀rí náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́wọ́ lé apá ọ̀tún rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó ń kùn. Ó la ojú kan.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mò ń wò ó bóyá ẹ wà nílé."

"Mo wà," ó ní. "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo wọn omi lásán sínú ife, ìlàjì, mo sì dì í mú fún un títí ó fi mu ún tán.