Ìwé Oko Abẹ́ Ìró Bintou

Ta ni yóò kúrò ní Bassila nínú oòrùn ọ̀sán, tí yóò gun alùpùpù dé Manigri lójoojúmọ́, kìkì nítorí pé ó fẹ́ kí aláìsàn? Bintou ò gbà. Ẹyẹ kì í dédé bà lé òrùlé, ọ̀rọ̀ ni ẹyẹ ń gbọ́.

Adamou ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ẹní láti ìgbà iṣu tuntun. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Yacoubou, katekísìtì ìjọ wọn, ti ń wá. Yóò ní, “Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o,” yóò wọ yàrá, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Kí ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn sí? Àdúrà wo ni Ọlọ́run ò lè gbọ́ bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀?

Oko kajú ni, ó dá a lójú. Oko ọ̀nà Doguè, tí òun àti Adamou ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe. Wọ́n á ní kí aláìsàn gbọ́kàn sí ohun tòkè, àwọn á wá kó tilẹ̀! Bintou bá yọ ìwé oko nínú àpótí, ó fi ọ̀rá wé e, ó so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró. Ó ń bá a sùn, ó ń bá a gúnyán.

Lọ́jọ́ kan, ó fi iṣu mẹ́ta dán katekísìtì wò. Ọkùnrin náà dúpẹ́, kò gbà á. “Ìyá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.”

Háà! Ẹni tó kọ iṣu, ebè ló ń wò. Bintou fọwọ́ di ìbàdí mú. “Olùkọ́, ọbẹ̀ mi ń jó!” Ó sá wọ ilé ìdáná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Bó bá gbé ẹ̀kọ fún Adamou, ọkọ rẹ̀ á ní, “Ìyá Salma, jókòó díẹ̀.” Bintou á ní òun ń bọ̀. Bí katekísìtì bá sì ti ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn fèrèsé ló ń lọ, ó ń dẹtí. Orúkọ èèyàn ló ń gbọ́: Kabirou, Oumou, Mamoudou. Àwọn ẹlẹ́rìí ti pé nìyẹn!

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbọ́ tí Adamou ní, “Ṣé ó ku ẹnì kan?”

“Ó ku ẹnì kan, Bàbá.”

“Ẹ bá mi ṣe é kíá, kí n tó lọ.”

Bintou fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ katekísìtì. Ó mọ̀wé kà dáadáa. Orúkọ ló rí, wọ́n fàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Òun nìkan ni kò ní àmì.

“Àwọn tí Bàbá ṣẹ̀ nìyẹn,” Yacoubou wí. “Kabirou tí wọ́n sún ààlà rẹ̀. Oumou tí wọ́n fi òṣùwọ̀n èké wọn kajú rẹ̀. Èmi ni Bàbá ń rán láti bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ti dárí ji Bàbá ni mo ń fàmì sí. Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.”

Adamou ò lè wò ó lójú. “Ọjọ́ tí àkọ́bí wa, ẹ̀gbọ́n Salma, ń kú, tó o ránṣẹ́ pè mí ní ọjà Bassila. Mo ní kí wọ́n wọn kajú mi tán ná.”

Ọdún méjìlélógún. Bintou ò sọ ọ́ rí. Ó fẹ́ ní kò sí nǹkan, àmọ́ irọ́ ni. “Ó dùn mí, Bàbá Salma. Títí di òní, ó ń dùn mí!” Ó bú sẹ́kún. Kajú ló gba Adamou lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kajú yìí kan náà ló gba òun lọ́wọ́ Adamou.

Ó fẹ́ jókòó sẹ́bàá ẹní, ìwé oko gún un ní ìhà. Ó tú u, ó jù ú sílẹ̀, ó wá jókòó dáadáa. Ó na ọwọ́ sí katekísìtì, ó gba bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀, ó fàmì sí orúkọ ara rẹ̀.

“Olùkọ́,” ó wí, kò gbójú kúrò lára ọkọ rẹ̀, “bí ẹ bá ń jáde, ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn.”