Obì tí bàbá mi kọ̀ láti jẹ

Wọ́n gbé obì wá bẹ bàbá mi lónìí nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gé.

Sójà ni bàbá mi nígbà ogun abẹ́lé. Ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ náà ló fi rìn wọ Ṣàgámù. Ọsibítù tí ìjọba ní kó máa tọ́jú àwọn sójà tó jagun ló bà á jẹ́. Nígbà tí ọgbẹ́ àtijọ́ náà tún ṣí, gbogbo ìgbà tí a bá gbé bàbá lọ, wọ́n á ní dókítà kò tíì dé, ká padà wá. Nígbà tí dókítà máa yọjú, ẹsẹ̀ ti jẹrà, ni wọ́n bá gé e.

Lónìí ni igbákejì ọ̀gá ọsibítù náà wá sílé wa ní Òfin, ní Ṣàgámù, pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ èṣù ni."

Bàbá mi ní, "Ṣé èṣù ni wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀? Ta ló yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Ọkùnrin náà ti abọ́ obì síwájú bàbá.

Àwọn àgbà ní kí bàbá ṣáà jẹ obì. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti jẹ obì ẹ̀bẹ̀, ó ti dárí jini nìyẹn.

Bàbá ti abọ́ náà padà. "Ọmọ ìlú Akaka ni mí, obì kún oko bàbá mi. Orúkọ ẹni tí kò wá síṣẹ́ ni mo ń bèèrè."

Wọ́n fẹ́ dọ́gbọ́n fi obì sílẹ̀ lọ. Èmi ni mo gbé e tẹ̀lé wọn débi mọ́tò.

Àwọn ẹbí ní a ti le jù. Ẹ̀yin ńkọ́, tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàbá yín, ṣé ẹ máa jẹ obì náà?