Nígbà Tí Wọn Kò Pè Mí Mọ́

Òórùn ṣítọ̀, ata dúdú tí wọ́n ń fi epo dín, ni mo fi ń rántí yàrá yẹn. Ilé iṣẹ́ wa wà lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Circle, ní Accra, ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkè alágbàdo àti ẹja díndín sì ni àtẹ̀gùn rẹ̀ gbà kọjá. Bí a bá ṣí fèrèsé, òórùn ata àti epo gbígbóná á wọlé, ariwo àwọn méètì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ trotro, tó ń pe èrò á tẹ̀lé e. Bí a bá tì í, òórùn náà á ṣì wà lára aṣọ wa títí di ìrọ̀lẹ́. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò kàwé kọjá girama kékeré tí wọ́n ń pè ní JHS. Bí mo ṣe parí, màmá mi fi mí sọ́dọ̀ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún fóònù ṣe. Láti ìdí fóònù mo bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì yá, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ òkè ní kí n gun àtẹ̀gùn wá bá òun.

Áàpù tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń ra ọjà lórí fóònù là ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni wọ́n ń pè ní DevOps. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà ọ́. Àwọn kan ló ń kọ áàpù náà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá parí apá tirẹ̀, kò lè fúnra rẹ̀ gbé e sórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí a yá lókè òkun, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń lò ó. Èmi ni màá bá a gbé e lọ, èmi ni màá máa ṣọ́ ọ, bó bá sì dákú, èmi ni wọ́n á ké sí. Nítorí náà orúkọ mi kì í kúrò lẹ́nu wọn. “Anago, mo bẹ̀ ọ́, gbé tèmi lọ.” “Anago, o ti rí i? Ó ti tún kú!” Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana níbí. Lẹ́nu tiwọn, kì í ṣe èébú.

Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bí èèyàn méjì bá dúró tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ibi tí ẹni kẹta ń gbà wọ inú ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè mí, mo ti rí ìdí láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó ń kọ apá owó sísan jẹ́ ọkùnrin sísanra kan láti Kumasi, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mi tábìlì. Bí mo bá ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, á dúró lẹ́yìn àga mi, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa rojọ́ ìyàwó rẹ̀ fún mi. Tí ọ̀sán bá pọ́n, òun náà ni á sọ pé, “Ó yá, dìde, waakye ń tutù,” ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́wà tí a jọ ń jẹ. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń dá gbé ní Dansoman. Yàtọ̀ sí àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, mi ò ní ẹni tó ń bá mi jẹun.

Lọ́jọ́ kan, Mádáàmù tó ni ilé iṣẹ́ pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

“Ìwọ lo di méètì trotro wa níbí,” ló wí. “Bí o ò bá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀kalẹ̀. Tí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, Mádáàmù.”

“Ta ló ń bínú? Ilẹ̀kùn tí kálukú á máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ni mo fẹ́ kí o ṣe fún wa.”

Iṣẹ́ náà lórúkọ tirẹ̀, platform engineering, owó oṣù rẹ̀ sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dípò kí n máa ru ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí n la ọ̀nà kan tí gbogbo wọn á máa gbà. Ẹni tó bá kọ nǹkan á kàn tẹ bọ́tìnì, ọ̀nà náà á yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, á gbé e débi tó ń lọ, bó bá sì bàjẹ́, á dá a padà. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde, ẹ̀rù díẹ̀ bà mí, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Àgbàlá tí wọ́n bí mi sí ní Ashaiman kò lómi nígbà náà. Èmi ni mò ń pọn omi fún gbogbo ilé láti ìdí ẹ̀rọ tó wà lójú títì, ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló sì ń pè mí jù. Bí mo bá gbé garawa kalẹ̀, á ní kí n jókòó, á bu dánkúwà fún mi, á ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo rí lọ́nà. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, onílé fa omi wọ àgbàlá. Gbogbo ilé hó yè. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, mò ń retí kí ìyá àgbà ké sí mi, kò ké sí mi. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló kú sí.

Síbẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ Mádáàmù dáadáa. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí. Lọ́jọ́ tó parí, ọkùnrin Kumasi ló kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì. Ó wo iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń dá lọ, ó sì figbe ta. “Ẹ wò ó! Anago ti dá ara rẹ̀ nídè! Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, o gbọ́?” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, fóònù mi dákẹ́. Mo wá mọ bí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá wa ṣe ń kùn, nítorí òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí ọ̀sán bá pọ́n, màá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, màá gbọ́ ẹ̀rín wọn títí á fi parẹ́ sínú ariwo Circle. Mo máa ń dìde lọ bu omi láìṣe pé òùngbẹ ń gbẹ mí, kí n lè kọjá níwájú wọn lásán. Mò ń dá jẹ kẹ́ńkè nídìí tábìlì mi, mò ń wo ojú kọ̀ǹpútà níbi tí iṣẹ́ wọn ti ń kọjá bí iná kéékèèké aláwọ̀ ewé. Eléyìí ni ti ọkùnrin Kumasi. Tọ̀hún ni ti ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé wọ́n wà nìyẹn. Nígbà mìíràn, kí Ọlọ́run má bínú, mo máa ń wò ó bóyá ọ̀kan lè pọ́n, kí ẹni tó ni ín lè pè mí.

Mádáàmù bi mí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀nà tuntun náà. Mo ní wọn ò sọ nǹkan kan.

“O bi wọ́n?”

Mo mirí pé rárá.

“Ẹni tó la ọ̀nà ló ń bi èrò bóyá òkúta ń gún wọn lẹ́sẹ̀. Lọ jókòó tì wọ́n.”

Mo ní mo gbọ́, mi ò sì lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo lọ kí màmá mi ní Ashaiman. Ó ń to abọ́ rọ́bà tó ń tà léra wọn. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Màámi. Wọn ò kàn pè mí mọ́ níbi iṣẹ́ ni.”

Ó pòṣé. “O tún ti bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe ṣe ìyá àgbà yẹn náà nìyí.”

“Èmi? Kí ni mo ṣe fún wọn?”

“Ṣé lẹ́yìn tí omi wọlé, o tún yọjú sí wọn? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí: Ọmọ mi dà? Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? Wọ́n ní ẹ̀rọ omi yìí dára o, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í kí èèyàn káàárọ̀.”

“Kí ló dé tí wọn ò pè mí?”

“Kí ni wọn ì bá pè ọ́ sí? Omi ti wà nílé.” Ó gbé abọ́ kan lé èkejì. “Ìwọ ọmọ yìí, bí wọn ò bá pè ọ́, o ò lè lọ? Ṣé wọ́n ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ ni?”

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nínú trotro tí mo wọ̀ padà, mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra bọ́fúróòtù gbígbóná, puff-puff tiwọn, nísàlẹ̀, mo gbé e gòkè, mo lọ dúró níwájú tábìlì ọkùnrin Kumasi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí láti Dansoman fò lọ.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń lo ọ̀nà yẹn.”

Ó yọ ohun tó fi sétí. “Háà! Anago! Mo rò pé o ti rìnrìn àjò ni.”

“Mo wà níbí. Ẹ̀yìn yín ni mò ń jókòó sí.”

“Chale, ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀. Ṣebí kí a má baà yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ lo ṣe ṣe é? Èmi ni mo sọ fún àwọn yòókù pé ẹni tó bá tún lọ dà á láàmú, èmi àti olúwarẹ̀ ni. Kí ọmọ ọlọ́mọ lè sinmi.”

“Ẹ ò dà mí láàmú rí.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Jókòó. Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?”

A jẹ bọ́fúróòtù náà. Ó fi ibì kan hàn mí tí ọ̀nà mi ti ń kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà bí iṣẹ́ kò bá lọ, ó ní òun kò lóye rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, òun kàn ń méfò ni. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ó yé gbogbo ayé. A jọ tún un kọ níbẹ̀, pẹ̀lú èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ìdánìkanwà tán. Fóònù mi ṣì dákẹ́, nítorí ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Yàrá Dansoman kò yí padà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀sán ni wọ́n ń rántí mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń dìde lọ bá wọn, láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn, àyà mi sì máa ń já lójoojúmọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo máa ń ronú kan ìyá àgbà. Òun nínú yàrá ẹ̀yìn, èmi lẹ́nu ọ̀nà wa, àgbàlá kékeré kan ló wà láàárín wa, omi ń kán tó-tó-tó lẹ́nu ẹ̀rọ, kálukú wa sì ń retí ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ti di aláìlera nígbà náà, kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Tèmi ló lè rìn.