Ọjọ́ tí Mo Pe Ẹ̀gbọ́n Lórúkọ

Òórùn láàbù wa ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: ásíìdì tó ń ta ni nímú, sípíríìtì, àti kọfí tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa máa ń gbàgbé sójú fèrèsé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni, kò jìnnà sí Forestville nílẹ̀ òyìnbó níbí, gbogbo wa la mọ ara wa níbẹ̀. Àwa méjì péré ni ọmọ Yorùbá tó ń ka kẹ́místìrì: èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní háískúùlù, àti ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti lé lógójì ọdún. Ẹ̀gbọ́n ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kan ní Largo, wọ́n sì ń kàwé kí wọ́n lè di apòògùn, kí wọ́n lè mú ìyàwó àtàwọn ọmọ wọn wá láti Ìbàdàn. Ìwé yẹn nìkan ni ìrètí ilé wọn.

Ní láàbù, orúkọ ni gbogbo ènìyàn fi ń pe ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ìyá òyìnbó tí irun rẹ̀ ti funfun, kò fẹ́ ká pe òun ní nǹkan mìíràn. Òyìnbó lè pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀rín ni wọn yóò máa rín. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá dán an wò, ó ti bú wọn nìyẹn. Ta ló bí mi tí mo fi máa gbójú sókè pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ?

Ẹ̀gbọ́n ní ìwà kan tí ìwọ náà á mọ̀, torí ó wà nílé gbogbo wa: wọn kì í sọ ìgò nù. Màmá ta ni kì í rọ òróró sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a fi ásíìdì náítíríìkì fọ àwọn gíláàsì wa tán, ẹ̀gbọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò da ìyókù sí. Wọ́n rí ìgò sípíríìtì kan tó ku díẹ̀ nídìí rẹ̀. Wọ́n ní ìgò tó dára báyìí kì í ṣe ohun tí à ń gbé sọnù, wọ́n da ásíìdì sí i, wọ́n sì dé e pinpin. Iṣẹ́ ti parí lójú wọn, wọ́n ti sún awò tó ń dáàbò bo ojú sókè sí iwájú orí.

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo fi rí èéfín pupa rúsúrúsú tó ń gbára jọ nínú ìgò náà. Ásíìdì yẹn àti sípíríìtì kì í gbé inú ilé kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ fún wa pé bá a bá ti rí irú èéfín bẹ́ẹ̀, ká sá. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò ó, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgò.

"Ẹ̀gbọ́n!"

Wọn ò yíjú. Wọ́n kàn na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí n ní sùúrù. Mo tún pè.

"Mò ń bọ̀ jàre, wait."

Mi ò mọ ìgbà tí mo fi gbogbo agbára mi pariwo orúkọ wọn gan-an, orúkọ lásán, láìfi ẹ̀gbọ́n kún un.

Wọ́n yí padà wìì, wọ́n sì fò dé ọ̀dọ̀ mi. "Èmi lo pè bẹ́ẹ̀? Are you mad?" Ìgbátí náà dún. Ọwọ́ wọn ò tíì kúrò létí mi tí ìgò náà fi bú.

Agbára rẹ̀ gbá wa mọ́ ilẹ̀kùn. Gíláàsì gún ògiri, ó gún àjà, ó gún ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti ẹ̀yìn ọrùn wọn, ásíìdì ń jẹ aṣọ, ó sì ń jẹ ẹran ara lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré wọlé, ó wọ́ wa méjèèjì sábẹ́ omi, ó ń fa aṣọ ya kúrò lára ẹ̀gbọ́n bí wọ́n ti ń ké. Mi ò gbọ́ kí àgbà ọkùnrin ké bẹ́ẹ̀ rí.

Ọsibítù tí ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n gbé wa lọ. Màmá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ipa ìka lẹ́rẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

"Ta ló gbá ẹ létí?"

Ẹ̀gbọ́n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ń yọ gíláàsì lẹ́yìn wọn. "Èmi ni, ma. Ó pe orúkọ mi, mo bá yíjú sí i."

Màmá mi, tí wọ́n kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n rìn, wò mí, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n. "Thank God pé ọmọ yìí láfojúdi lónìí," ni wọ́n wí. "Ojú yín ì bá ti lọ."

Ìgbátí yẹn dùn mí fún ìgbà pípẹ́, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n ò bẹ̀ mí, èmi náà ò bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá ló yé mi pé ká ní wọn ò bínú ni, wọn ò ní yíjú. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí iná ń bọ̀ wá bá, a kì í kí i tán ká tó fà á.

Apòògùn ni ẹ̀gbọ́n báyìí ní Langley Park, ìyàwó àtàwọn ọmọ wọn sì ti dé. Bí mo bá lọ gba oògùn, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, mo tún ń tẹ orúnkún díẹ̀. Wọ́n á gbé ike oògùn náà sókè, wọ́n á ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ara rẹ̀ fún mi ketekete láìlo awò, etí mi òsì tí wọ́n gbá lọ́jọ́ náà á sì gbóná.