Bàbá Mi Pín Ìbò Wọn Sí Méjì

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá mi o!

Àbúrò bàbá mi àti àna bàbá mi ló jọ ń du ipò aṣojú Ẹ̀pẹ́ nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn. Àpótí ìbò oníkálukú wà lọ́tọ̀.

Bí bàbá ṣe dìbò tán láàárọ̀, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, àpótí ta lẹ ju ìwé yín sí?"

"Méjèèjì. Mo fà á ya sí méjì bí ẹní ń pín ẹja. Mi ò lè ṣojúsàájú."

Ìbò kan péré ni àna fi ju àbúrò lọ!

Ní báyìí, bàbá di àbúrò wọn lọ́wọ́ mú, omijé ń bọ́ lójú wọn: "Àbúrò mi, ta ló ṣe irú èyí sí wa?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n dáhùn ni, àbí kí n bá wọn sunkún?