Ọ̀dà Pupa Lára Igi Òrí

Inú ṣì ń bí mi bí mo bá rántí rẹ̀. Nígbà ìjọba ológun, ọdún mélòó kan ni mo fi ń wọn igi òrí inú igbó iléèwé gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn àdúgbò Ṣàngó, ní Ìlọrin, kí n lè mọ ohun tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ń fi ojú wọn rí. Ọ̀dà pupa ni mo fi sàmì sára èyí tí mò ń wọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àwọn agégi níbẹ̀. Ọ̀gá wa níléèwé ló ní kí wọ́n dín igi kù kí wáyà iná lè rọ́nà kọjá. Gbogbo igi tí mo sàmì sí ló ti wà nílẹ̀.

Mo figbe ta. Ẹnu ya olórí wọn. Ó ní, "Màdáàmù, ṣebí ilé tí ìjọba bá fẹ́ wó ni wọ́n ń kun ọ̀dà pupa sí? A rò pé ẹ ti bá wa yan èyí tá a máa gé ni."

Mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ó mọ iṣẹ́ mi, kò sì sọ fún mi. Ẹ̀rín ló ń rín. "Ṣé igi ló tán nínú igbó? Lọ kun òmíràn."

Mo ní, "Àwọn ọdún tí mo ti fi wọ̀n wọ́n ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa bá mi kun ìwọ̀nyẹn náà?"