Olówó Orí àti Owó Orí Ilé

Bí ẹ bá rí ògiri tó ń dán ládùúgbò wa, Ọlọ́dà ló kùn ún. Akunlé ni. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó kun eṣinṣin kan mọ́ ògiri, eṣinṣin ò mọ̀. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ilé tirẹ̀ nìkan ló rí ṣákiṣàki bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; Ọlọ́dà kó tirẹ̀ ròde tán, kò ṣẹ́ kankan kù sílé. Kì í ṣe ahun. Lọ́dọọdún ni adíyelé ìjọba ń wo ojú ilé kó tó bu owó orí lé e. Ilé tó bá dán, owó rẹ̀ á fò sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ti yan àwọ̀ ojú sánmà fún ilé náà tipẹ́. Nígbà tí dókítà sọ pé ojú rẹ̀ ò ní pẹ́ ṣókùnkùn, obìnrin náà ní: "Olówó orí mi, ṣé owó orí ilé ti wá jù mí lọ ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé Ọlọ́dà dé gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí gbèdéke: kí àlékún owó orí ilé má ju ìdá kan nínú ogún lọ lọ́dún.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń yálé gbé dìde. "Ẹ̀yin onílé, ẹ kú orí ire! Bẹ́ ẹ bá so owó yín mọ́lẹ̀, ta ló máa ra oògùn sílé ìwòsàn? Àwa ayálégbé?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Èmi náà pàtẹ́wọ́ díẹ̀, lábẹ́ tábìlì.

Ọlọ́dà rọra dìde. "Ọmọ mi, mi ò sọ pé mi ò ní san. Àdúgbò tí mo fọwọ́ ara mi kùn ló wọ́n mọ́ mi lórí yìí. Kí n ṣáà mọ ibi tó máa dé lọ́dún tó ń bọ̀, kí n lè kunlé fún ìyàwó mi."

Wọ́n nawọ́, gbèdéke wọlé. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lórí iye tí adíyelé bá bu lé ilé lọ́dún yìí.

"Ó bọ́ sí i!" ni bíríkìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Fi ògiri ẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí adíyelé kọjá. Tó o bá kùn ún báyìí, orí owó ńlá lo máa ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Bí oṣù mẹ́ta sí i."

"Ojú ìyàwó mi ò lè dúró dè é."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àkàbà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga níwájú ilé, kò sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Ọlọ́dà rò pé ojú ti lọ.

"Olówó orí mi," ni obìnrin náà wí, "o fo ibì kan lókè fèrèsé yẹn."

Ibẹ̀ ò ju èékánná lọ. Ọlọ́dà jókòó sórí àkàbà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú páànù ọ̀dà.

Adíyelé dé, ó yin ilé, ó bu owó gọbọi lé e. Ọlọ́dà ń san án. Àmọ́ kò kun ibi kékeré yẹn. Láràárọ̀ ló ń bi ìyàwó rẹ̀ pé ibo lòun fò. Títí di àná, obìnrin náà ṣì nawọ́ sí i.